Apá Mi Dà Nínú Ìwé Yìí?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ojú mi rí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan láìpẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo yà síbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn lẹ́bàá títì, níbi tí àwọn èèyàn wa máa ń dúró sí láti ka àkọlé láìra ìwé. A ó tó mẹ́jọ tí a dúró. Ọkùnrin kan tó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká na ìka sí ojú ewé kan, ó sì kà á sókè pé ẹran inú ọbẹ̀ gbé tọkọtaya kan dé kóòtù. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Obìnrin ìwòyí! Nítorí ẹran lásán!" Ẹlòmíràn bi í pé ẹran ewúrẹ́ ni àbí ti màlúù. Mo tẹ̀ síwájú, mo ka ìyókù. Ó di ìlà kẹsàn-án kí n tó rí i, lábẹ́ gbogbo àwàdà náà, pé ọkọ yìí ti fi ìgbànú na ìyàwó rẹ̀ débi pé ilé ìwòsàn ló sùn mọ́jú. Kò sí ẹni tó ka ibẹ̀ yẹn sókè.

Ẹ̀rín kò wá sí mi lẹ́nu. Kì í ṣe pé mo dára ju àwọn tó kù lọ o. Èmi pẹ̀lú ti ta irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí, mo sì gba owó oṣù lórí rẹ̀.

Ní ọdún 1984, mo jẹ́ akọ̀ròyìn kékeré ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Ìbàdàn. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, nítorí ẹ̀bi tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi ni mo ni ín. Kóòtù ìbílẹ̀ ni wọ́n rán mi sí. Ohun tí olóòtú ń fẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò ju ẹjọ́ tọkọtaya méjì tó lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá wà níbẹ̀, kò fẹ́ gbọ́. Bí ẹjọ́ ogún bá wà, kò fẹ́ gbọ́. "Tọkọtaya," á ní, "tọkọtaya ló ń tà."

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Dùgbẹ̀ wá sí kóòtù pé òun fẹ́ kọ ọkọ òun. Ó sọ fún adájọ́ pé ọkọ òun mutí yó wálé, ó sì fi ọmọ odó ṣẹ́ òun lápá. Wọ́n bi ọkọ léèrè ọ̀rọ̀. Ó ní ọbẹ̀ tí ìyàwó gbé fún òun lálẹ́ ọjọ́ náà kò níyọ̀. Ìyàwó ní iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀, àwọn ọmọ jẹ nínú rẹ̀, ẹ pè wọ́n kí ẹ bi wọ́n. Adájọ́ tú wọn ká. Mo padà sí ọ́fíìsì, mo jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo sì fún ìròyìn mi ní àkọlé: "Ọbẹ̀ Àtẹ́ Tú Ìgbéyàwó Ká." Olóòtú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní mo ti ń mọ iṣẹ́.

Ọjọ́ kẹta tí ìwé jáde, ìyá náà wá bá mi. Apá rẹ̀ ṣì wà nínú igi tí àwọn tó ń to eegun fi dì í. Kò mọ̀wé, ọmọ rẹ̀ ló kà á fún un. Ó fi ọwọ́ kejì tẹ́ ìwé ìròyìn náà síwájú mi.

"Ọ̀gá oníwèé ìròyìn," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a. Apá mi dà nínú ìwé yìí?"

Mo ní, "Màmá, ẹ fara balẹ̀, ó wà níbẹ̀." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Mo wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tí mo rí ní ìlà tó kẹ́yìn ni pé aáwọ̀ náà "mú ìfarapa lọ́wọ́." N kò kọ apá. N kò kọ ọmọ odó. N kò kọ ọtí.

Ó wò mí, ó ní, "Ẹni tó ṣẹ́ mi lápá lẹ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ọbẹ̀ mi ò tẹ́, ọ̀gá. Èmi lẹ sọ di ẹni ẹ̀tẹ́."

Ó sọ fún mi pé "Ìyá Ọlọ́bẹ̀ Àtẹ́" ni wọ́n ń pe òun lọ́jà báyìí, pé àwọn ọmọ iléèwé ti sọ ọ́ di orin mọ́ ọmọ òun lára. Mo tọ olóòtú lọ pé kí a ṣe àtúnṣe. Ó ní, "Àtúnṣe kí ni? Ṣé irọ́ lo pa ni? Ìwé ọ̀hún náà ti tà, wọ́n ti ń fi di èpà." Nígbà tí mo dé Dùgbẹ̀ lóṣù kejì, ẹlòmíràn ló wà nídìí igbá èlùbọ́ náà. N kò rí ìyá yẹn mọ́ títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ olóòtú yẹn yẹ̀ wò, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ mi wà. "Ṣé irọ́ lo pa ni?" Rárá, n kò parọ́. Gbogbo ohun tí mo kọ ni wọ́n sọ ní kóòtù. Bí àwọn oníròyìn wa bá ń ròyìn obìnrin, wọn kì í sábà parọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń gbé ohun kékeré síwájú, wọ́n ń ti ohun ńlá sẹ́yìn. Wọ́n fi ọbẹ̀ sókè, wọ́n fi apá sísàlẹ̀. Ẹni tó ń ka àkọlé lẹ́bàá títì kò sì ní dé ìsàlẹ̀ láéláé.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kékeré kan tó wà nínú èdè wa: "wọ́n." Ọ̀rọ̀ yìí dára fún ọ̀wọ̀, ó sì dára fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n ó tún mọ bí a ti ń bo àṣírí. "Wọ́n fipá bá ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lò pọ̀." Ta ni wọ́n? Bí ẹ bá ka ìròyìn náà dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹnì kan ṣoṣo ni, pé ó ní ilé, ó ní iṣẹ́, àwọn ọlọ́pàá sì ti mú un. Àmọ́ nínú àkọlé, "wọ́n" ló ṣe é, àfi bí ẹni pé òjò ló pa ọmọ náà. Lẹ́yìn èyí ni akọ̀ròyìn yóò wá máa sọ fún wa nípa ọmọbìnrin náà: aṣọ tó wọ̀, aago tó fi ń rìn lóde, ilé ẹni tó yà sí, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń tọ́ ọ. Àwọn àgbà wa ní kí á kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí á tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Ìwé ìròyìn wa ti yí òwe náà padà. Adìyẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá wí. Kí wọ́n tó parí ìbáwí, akátá ti wọgbó lọ.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fún mi. Wọn yóò ní òfin kò gbà kí á pe ẹni tí kóòtù kò tíì dá lẹ́bi ní ọ̀daràn. Òótọ́ ni. Ta ló ní kí wọ́n pè é bẹ́ẹ̀? "Ọlọ́pàá mú ọkùnrin kan lórí ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀" kò rú òfin kankan. Kò sì ní kí ẹnikẹ́ni wádìí aṣọ tí ọmọ wọ̀.

Ohun mìíràn tó jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe òfin ló ń dí wọn lọ́wọ́ ni pé, bí ìyàwó bá gún ọkọ pa, ẹ kò ní rí "wọ́n" níbẹ̀. "Ìyàwó gún ọkọ rẹ̀ pa!" gàdàgbà-gadagba, àwòrán obìnrin náà á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkọ ló pa ìyàwó, àkọlé á di: "Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kú lẹ́yìn ìjà," tàbí "Ìfẹ́ di ikú." Ìfẹ́ kẹ̀? Ìfẹ́ mú ọ̀bẹ rí? Tàbí kí wọ́n ní iṣẹ́ èṣù ni, kí èṣù fi ìdí ẹjọ́ gbọlẹ̀, kí ẹni tó ṣe é máa lọ sílé rẹ̀.

Àṣà yìí ti pẹ́. Ní ìparí ọdún 1929, àwọn obìnrin ìlà oòrùn Nàìjíríà dìde nítorí wọ́n gbọ́ pé ìjọba òyìnbó fẹ́ máa gba owó-orí lọ́wọ́ wọn, àti nítorí ìwà àwọn olóyè tí òyìnbó fi jẹ lé wọn lórí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló rìn láti ìlú dé ìlú, láìmú ìbọn lọ́wọ́. Àwọn tó mú ìbọn lọ́wọ́ ni ọlọ́pàá àti sójà ìjọba, wọ́n sì pa obìnrin tó ju àádọ́ta lọ. Kí ni ìjọba àti àwọn ìwé wọn pe ọ̀rọ̀ náà? "Aba Riots." Rúkèrúdò Aba. Bí ẹ bá gbọ́ rúkèrúdò, ta ni ọkàn yín lọ bá? Ẹni tó ń pariwo kúkú ni, kì í ṣe ẹni tó yìnbọn. Àwọn obìnrin náà fúnra wọn pè é ní ogun àwọn obìnrin. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọmọ iléèwé wa fi há orúkọ tí òyìnbó fún un sórí, tí wọ́n sì fi yege ìdánwò.

Ẹ̀bi kejì ni ti orúkọ. Ní oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n yan Ngozi Okonjo-Iweala sípò olórí Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò náà, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́. Ó ti ṣe mínísítà ètò ìnáwó nílẹ̀ wa lẹ́ẹ̀méjì. Òun ló wà nídìí àdéhùn ọdún 2005 tí àwọn tí a jẹ ní gbèsè fi pa nǹkan bíi bílíọ̀nù 18 dọ́là rẹ́ nínú ọgbọ̀n bílíọ̀nù tí a jẹ wọ́n. Ó ti di ipò gíga mú ní Báńkì Àgbáyé. Ìwé ìròyìn kan ní Switzerland wá kọ àkọlé rẹ̀ pé ìyá àgbà yìí ni yóò di ọ̀gá tuntun ní àjọ náà. Ó ju ọgọ́rùn-ún àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè lọ tó fọwọ́ sí ìwé láti fi ẹ̀hónú hàn, ilé iṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì.

Ẹlòmíràn nínú wa yóò ní, kí ló burú níbẹ̀? Nílé wa, ìyá àgbà kì í ṣe èébú. Òun là ń kúnlẹ̀ kí, òun là ń gbé ọ̀rọ̀ tó ta kókó tọ̀ lọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ oyè ilé ni. Bí ẹ bá fi oyè ilé rọ́pò oyè iṣẹ́, ẹ ti já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni náà. Gbogbo àwọn ààrẹ tí a ti ń dìbò yàn láti ọdún 1999, ta ni nínú yín tó rí àkọlé pé "Bàbá àgbà kan ti di ààrẹ Nàìjíríà"? Bẹ́ẹ̀ ọmọ-ọmọ kún ilé ọ̀pọ̀ nínú wọn fọ́fọ́.

Kí a má sì rò pé òyìnbó nìkan ló ń ṣe é. Ẹ wo ohun tí àwa náà ṣe sí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn tàbí lórí rédíò, ohun méjì ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́: ìyá Fẹlá ni, wọ́n sì ní òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wa mọ́tò nílẹ̀ wa. Ọmọ rere ni Fẹlá, mọ́tò náà sì dára. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kó àwọn ìyá ọlọ́jà Abẹ́òkúta jọ, ó dá ẹgbẹ́ fún wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ ìwé kíkà. Láti ọdún 1947 ni wọ́n ti ń bá ìjọba fà á lórí owó-orí àwọn obìnrin, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní ọdún 1949. Ká tó rí ọba tó kúrò láàfin nítorí ohùn àwọn obìnrin! Èyí ló yẹ kó ṣíwájú. Mọ́tò ni wọ́n ń rí.

Ohun tó tún ń dùn mí ni pé èdè wa kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. "Ó" ni "ó" nínú èdè Yorùbá. Ó wa ọkọ̀, ó la ikùn aláìsàn, ó dá ẹjọ́. Ẹ kò lè fi "ó" mọ akọ yàtọ̀ sí abo. Òyìnbó kò lè sọ̀rọ̀ dé ìdajì kó tó sọ èwo ni. Àwa tí a kò ní irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lórí la tún lọ ń rà á: "dókítà obìnrin kan," "adájọ́ obìnrin kan," "obìnrin awakọ̀ kan fẹ́ ọkọ̀ gbá ògiri." Ta ló ti kà pé "ọkùnrin awakọ̀ kan fẹ́ ọkọ̀ gbá ògiri"? Bó bá jẹ́ pé jíjẹ́ obìnrin ni ìròyìn, bíi ti ẹni àkọ́kọ́ tó dé ipò kan, ẹ sọ ọ́. Bí kò bá kan ọ̀rọ̀, ẹ fi "ó" sílẹ̀ kó dá dúró. N kò ní kí á máa tan ara wa o. Òwe wa tó ń gún obìnrin lára kò kéré. Ṣùgbọ́n níbi tí èdè ti fún wa ní ọ̀nà tó tẹ́jú, kí ló dé tí a fi ń wọ inú ẹ̀gún?

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀rí kan kún un, kí ẹ lè rí bí ẹ̀rín ṣe ń jẹ ìròyìn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, Aisha Buhari, ìyàwó ààrẹ ìgbà náà, sọ fún ilé iṣẹ́ BBC ní èdè Haúsá pé àwọn tí kò bá ọkọ òun ṣiṣẹ́ ìbò ló ti gba ìjọba mọ́ ọn lọ́wọ́, pé bí nǹkan kò bá yí padà, òun lè má bá a polongo mọ́. Ẹ̀sùn ńlá nìyẹn. Ààrẹ Muhammadu Buhari, tó ti di olóògbé báyìí, wà ní Jámánì lọ́jọ́ náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Angela Merkel tó ń ṣe ìjọba ibẹ̀. Èsì tó fọ̀ ni pé ilé ìdáná òun, pálọ̀ òun àti yàrá kejì ni ìyàwó òun wà fún. Odindi ọ̀sẹ̀ ni ìwé ìròyìn, rédíò àti tẹlifíṣàn fi ń ṣe àwàdà lórí "yàrá kejì." Wọ́n yà á ní àwòrán ẹ̀fẹ̀. Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn fún wa lórí rédíò láràárọ̀ fi dá bírà. Àwọn tó bínú sí i náà pọ̀, wọ́n sì kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tí obìnrin náà fi kàn dà? Àwọn wo ló gba ìjọba? Akọ̀ròyìn mélòó ló dìde láti lọ wádìí rẹ̀? Yàrá kejì gbé e mì. Ọbẹ̀ tún wà lókè, apá tún ti sọnù.

Ìwádìí kan wà tí wọ́n ń pè ní Global Media Monitoring Project, tí wọ́n ń ṣe káàkiri ayé ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ní 1995, nínú ènìyàn 100 tí ìròyìn sọ̀rọ̀ nípa wọn tàbí tó gbé ohùn wọn jáde, obìnrin jẹ́ 17. Ní 2020, wọ́n jẹ́ 25. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹni mẹ́jọ péré la rí fi kún un. Nínú àwọn díẹ̀ tó sì ráyè wọlé yìí, ẹ wo ìrìn tí àwọn mìíràn fi wọlé: àwọn tí wọ́n lù, àwọn tí wọ́n jí gbé, ìyàwó lágbájá.

Kì í ṣe pé àwọn oníròyìn kò mọ ohun tó tọ́. Ní Ìlọrin ní 1998, wọ́n fọwọ́ sí ìlànà iṣẹ́ wọn. Ó wà níbẹ̀ pé kí akọ̀ròyìn má ṣe jẹ́ kí a dá ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún mọ̀, ìbáà jẹ́ nípa orúkọ tàbí àwòrán, bí ẹjọ́ bá jẹ mọ́ ìbálòpọ̀. Ohun tí mo ń rí lóde ni pé wọn kò ní dárúkọ ọmọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn yóò dárúkọ àdúgbò, kíláàsì tó wà, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe, àti ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló kù tí ará àdúgbò ò fi ní mọ̀ ọ́n?

Àbúrò mi kan nídìí iṣẹ́ yìí, tó ti di olóòtú, bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò ra 'Ọkọ ṣẹ́ ìyàwó lápá'? Ojoojúmọ́ nìyẹn ń ṣẹlẹ̀. Ọbẹ̀ àtẹ́ ni wọ́n fẹ́ kà." Mo ní, "Àbúrò, o ti fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Bí epo bá wọ́n lójoojúmọ́, ẹ kì í sọ pé kì í ṣe ìròyìn mọ́."

Ṣùgbọ́n apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú mi. Ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Àwa tí a dúró lẹ́bàá títì, tí a ń rẹ́rìn-ín, àwa la ń gba epo yẹn sílẹ̀. Bí a kò bá rẹ́rìn-ín, wọn ò ní kọ ọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá tún ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló ṣe é, orúkọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ha wà lókè bí? Ọ̀rọ̀ ta ni wọ́n fi ṣe àkọlé, ti ẹni tó lù ni tàbí ti ẹni tí wọ́n lù? Bí obìnrin inú rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ mi, ṣé ẹ̀rín yìí á ṣì pa mí? Bí èsì kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ kọ ìwé sí olóòtú. Mo ti jókòó lọ́fíìsì wọn rí. Lẹ́tà márùn-ún láti ọwọ́ òǹkàwé lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo máa ń dẹ́rù bà wọ́n ju bí ẹ ti rò lọ.

Ní tèmi, àtúnṣe tí olóòtú mi kò jẹ́ kí n ṣe lọ́jọ́ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Bí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ yẹn bá wà láyé, tàbí tí ọmọ rẹ̀ tó mọ̀wé bá ń ka ìwé yìí, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi báyìí, bó tilẹ̀ pẹ́. Ìròyìn tí mo kọ ní 1984 kò pé. Àkọlé tó yẹ kí n fún un nìyí: "Ọkọ Fi Ọmọ Odó Ṣẹ́ Ìyàwó Lápá, Kóòtù Tú Wọn Ká." Iyọ̀ sì wà nínú ọbẹ̀ náà.